Ọjọ́ Tí Gáàsì Tú ní Ilé Yìnyín

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, lábúlé apẹja wa ní Chile. A ń yọ ẹja kúrò nínú àwọ̀n nígbà tí òórùn kan ta sí wa nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, tí omi sì ń bọ́ lójú wa. Amóníà, gáàsì tí wọ́n fi ń mú omi di yìnyín, ti tú nílé iṣẹ́ yìnyín.

Fóònù mi dún. Wenceslao àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ nílé yìnyín náà, ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo há sí yàrá akọ̀wé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fi jákẹ́ẹ̀tì dí abẹ́ rẹ̀."

Mo rẹ áńkáṣíìfù sínú omi, mo fi di imú, mo kọrí síbẹ̀. Herminda ìyàwó mi gbá bẹ́líìtì mi mú látẹ̀yìn. Ọ̀kan lára àwọn panápaná abúlé wa tí kì í gbowó oṣù ni.

"Níbo lẹ̀ ń lọ, bàbá Yesenia?"

"Mo fẹ́ lọ gbé àbúrò mi."

"Pẹ̀lú áńkáṣíìfù? Ìyẹn ò lè dá gáàsì dúró. Tẹ́ ẹ bá wọlé, èèyàn méjì ni màá máa gbé, ẹ̀yin lẹ sì sanra jù."

Ó wo àsíá orí ọkọ̀ ojú omi kan. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ sápá ilé ìwé.

"Ẹ pe ilé ìwé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ kó àwọn tó kù gòkè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀."

Mo pe wọ́n, a sì gòkè lọ. Ọkọ̀ panápaná dé. Herminda àti Gumercindo, panápaná ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ rọ́bà, ìbọ̀wọ́, bàtà, ìbòjú, pẹ̀lú sílíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Èkíní ń yẹ èkejì wò.

"Ẹ yára, ẹ jọ̀ọ́," mo pariwo. Wọ́n yẹ síìpù wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n mú ìbòjú kan dání fún Wenceslao, wọ́n wọlé.

Nígbà tí wọ́n mú un jáde, mo sáré láti dì mọ́ ọn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, gáàsì ṣì wà lára aṣọ rẹ̀," Herminda ní. Wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n da omi sí i lára àti lójú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Wenceslao ń gbọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyá ìyàwó mi náà ń wò mí?"

"Iwájú gan-an ló jókòó sí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún lábẹ́ ẹ̀rín náà. Ọjọ́ méjì ló lò nílé ìwòsàn, ó padà sílé pẹ̀lú ohùn híha.

Ẹ̀yin ará, tí gáàsì bá tú, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí ẹ yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Ẹni tó bá há sínú ilé, kó ti ilẹ̀kùn, kó pe panápaná. Kí ẹ wẹ ẹni tí gáàsì bá kàn lára kí ẹ tó dì mọ́ ọn. Bó ti wù kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹni tó wà nínú ilé tó, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní aṣọ ààbò wọlé. Àwọn ló máa gbé e jáde fún yín láàyè.