Orúkọ Tí Dadu Fi Pamọ́

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n bá Dadu Charles lórí àga níwájú ilé rẹ̀ ní Mòn Sapót. Tíì kòkó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń yọ èéfín, àmọ́ Dadu ti tutù. Ọkùnrin tó gun òkè lọ sóko lánàá, tó tún ń bú àwọn ewúrẹ́ aládùúgbò bó ṣe ń bọ̀! Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú, àmì kan tó dúdú bí aró sì wà lára rẹ̀ láti orúnkún dé itan.

Àmì yẹn ni Tàǹtí Philo, àbúrò ìyá Ismay ọmọ Dadu, kọ́kọ́ rí. Kò tiẹ̀ tíì sunkún tó fi kígbe.

"Ligarú ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ! Ẹ wá wo ojú ibi tó ti fà á!"

Kò sẹ́ni tó béèrè ligarú wo. Ní Mòn Sapót, àjẹ́ tó ń bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi àràbà, tó ń di iná, tó sì ń fò kiri, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń nàka sí. Ma Zabette ni, agbẹ̀bí àtijọ́ tó ń dá gbé lábẹ́ àràbà lókè. Ọwọ́ ẹ̀ ni ìdajì abúlé bọ́ sí nígbà tí wọ́n dáyé, àmọ́ ta ló rántí? Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì kì í gbé e. Wọ́n ní bó bá ti wọlé, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Wọ́n sin Dadu. Níbi ìsìnkú, Ma Zabette na ọwọ́ sí Ismay láti kí i. Ismay, ọmọ kan ṣoṣo tí Dadu bí, tutọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀. Ismay kó ìwé ikú bàbá rẹ̀ àti ìwé ilẹ̀ oko kòkó, ó wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ogún nílùú. Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ogún níbẹ̀. Aago méje ni wọ́n ń pín nọ́ńbà, ọgbọ̀n péré ni, ẹni tí kò bá rí gbà, kó padà sílé. Míìsì Ogilvie, akọ̀wé ibẹ̀, tú ìwé méjèèjì wò.

"Ta ló kú?"

"Bàbá mi ni, mà. Dadu Charles."

"Ta ló ni ilẹ̀?"

"Bàbá mi náà ni."

"Hezekiah Fontenelle ló wà nínú ìwé ilẹ̀."

"Òun náà ni, mà."

Míìsì Ogilvie yọ awò ojú rẹ̀. "Arábìnrin, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó kú kò nílẹ̀. Ẹni tó nílẹ̀ kò tíì kú. Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

Kí ni Ismay fẹ́ sọ? Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Mòn Sapót nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Orúkọ tí fádà bá pe ọmọ nígbà tó ń da omi sí i lórí, a kì í pè é lójú títì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè dè é mọ́ inú ìgò kó sì rì í mọ́lẹ̀, olórúkọ á sì máa rù títí tó fi máa kú. Ìyá ọmọ, fádà àti agbẹ̀bí ló ń mọ̀ ọ́n. Orúkọ ilé ni gbogbo ayé tó kù fi ń pè é. Dadu ò lo orúkọ tòótọ́ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lọ́jọ́ tó ra ilẹ̀. Nígbà tó kú, Tàǹtí Philo ló lọ sọ fún dókítà pé Dadu Charles ni, nítorí òun náà ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ìjì líle ti gbé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé sì bá a lọ.

Ẹ̀ẹ̀meje ni Ismay lọ. Lónìí, kó mú fọ́tò wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, fọ́tò ò sọ̀rọ̀, kó lọ gba òǹtẹ̀. Ẹni tó ni òǹtẹ̀ kò sí níjòókòó. Nígbà tó dé, ọlidé ni. Inú bí Ismay débi pé ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó sunkún bí ọmọdé. Níkẹyìn Míìsì Ogilvie sọ ojú abẹ níkòó.

"Ẹ mú ẹnì kan wá tí kì í ṣe ẹbí, tó ju bàbá yín lọ lọ́jọ́ orí, tó mọ orúkọ méjèèjì, kó búra. Ọjọ́ Ẹtì ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni mo fún yín mọ, ìwé tí wọ́n ti búra sí ò dúró de Ọjọ́rú. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Cuthbert ló ni ín."

Cuthbert ni ọbàkan Dadu tó ń gbé nílùú. Ó ti kọ̀wé pé Hezekiah kú sókè òkun láìbímọ. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Dadu ra ilẹ̀, ó mọ̀ dájú ẹni tí Hezekiah jẹ́, ọ̀bàyéjẹ́! Àwọn tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ti ń bá a wọn ilẹ̀, títí kan ilé tí Ismay ń sùn.

Ohun kan tún wà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni bọ́ọ̀sì ń gbéra. Ọjọ́rú mẹ́ta léraléra, bí Ismay ṣe dúró ní oríta, ó rí iná pupa kékeré kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìdí àràbà, tó ń mì lọ mì bọ̀ láàárín igi kòkó, tó sì gba ojú odò lọ.

"Ṣé o rí i?" ni Tàǹtí Philo wí. "Ó pa bàbá rẹ ní Ọjọ́rú, Ọjọ́rú ló sì ń fò lọ di ìwé rẹ nílùú lọ́hùn-ún. O rò pé akọ̀wé yẹn ló ń ṣe ẹ́? Da ìrẹsì sọ́nà fún un! Ligarú ò lè ré e kọjá, àfi kó kà á tán, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a níbẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn, Ismay fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ìrẹsì sórí àtẹ̀gùn olókùúta létí odò. Òjò winniwinni rọ̀ mọ́jú. Ní ìdájí, iná náà sọ̀ kalẹ̀, ó dé àtẹ̀gùn, ó ta gìrì, ó sì kú. Igbe èèyàn ló tẹ̀ lé e. Igbe arúgbó. Bọ́ọ̀sì fọn fèrè, nọ́ńbà ọgbọ̀n sì ni gbogbo wọn. Ismay wọkọ̀.

Lọ́fíìsì, ó ní òun ò rẹ́ni tó lè búra. Míìsì Ogilvie mi orí.

"Ṣé Mòn Sapót lẹ ti wá? Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, ṣé kò lẹ́bí ni? Ọjọ́rú mẹ́ta ló ti fi ẹsẹ̀ rìn débí, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ìgbà tí nọ́ńbà bá ti tán ló ń dé. Ó lóun lórúkọ kan tóun fẹ́ fi lélẹ̀. Mo ní orúkọ ta ni, ó ní inú ìwé ìbúra nìkan lòun máa sọ ọ́ sí. Mi ò rí i lónìí."

Ismay jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wọ ilé Ma Zabette. Arúgbó náà wà lórí ibùsùn, wọ́n ti fi igi méjì di itan rẹ̀ tó kán. Àtùpà ìgò tó fọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, Mà."

"Ìrẹsì ta ni?"

Ismay kúnlẹ̀. "Tèmi ni, Mà."

"Ìrẹsì gidi. Kò lókùúta. Ẹ mà lè fi nǹkan ṣòfò o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí."

"Mà, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo? O máa ń sọdá títì bó o bá rí mi. Mo na ọwọ́ sí ẹ, o tutọ́." Ó rọra yí orí. "Èmi ni mo gbẹ̀bí bàbá rẹ. Mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ìyá rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ sí mi létí. Ṣé kí n wá jẹ́ kí Cuthbert sọ ọ́ di ẹni tí kò bímọ? Jẹ́ ká gbọ́ràn!"

Ní Ọjọ́bọ̀, Tíṣà Bascombe, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀ ìbúra, wá jókòó létí ibùsùn. Tàǹtí Philo tẹ̀ lé wọn wá, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Tíṣà ka ìwé ikú sókè látòkè délẹ̀: "Ohun tó fa ikú: ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ẹsẹ̀ òsì, tó sì gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹsẹ̀ wú, ó sì dúdú."

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Ismay gbé ìwé yẹn lọ sílùú. Orúkọ tó wà lórí ẹ̀ nìkan ló ń wò. Tàǹtí Philo wo ilẹ̀, ó wo àjà.

"Orúkọ ẹni tó ń búra?" ni Tíṣà bi arúgbó náà.

"Ma Zabette."

"Rárá, Mà. Èyí tí fádà pè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá ìwé yìí padà."

Tàǹtí Philo na ọrùn. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé mẹ́fà ni Ma Zabette, gbogbo àwọn tó mọ orúkọ yẹn ti lọ.

"Philo, bọ́ síta."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ ni."

Philo jáde, ó ń kùn. Ismay náà dìde.

"Ìwọ jókòó. Ìwọ lo da ìrẹsì. Ìwọ lo máa bá mi pa á mọ́."

Ó sọ ọ́. Tíṣà kọ ọ́, arúgbó náà sì tẹ̀ka sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Míìsì Ogilvie lu òǹtẹ̀ lé ìwé àṣẹ ogún, ó sì ti fáìlì Cuthbert pa. Ní oríta, Tàǹtí Philo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì.

"Ilẹ̀ ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́?"

"Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, Tàǹtí."

"Ọlọ́run ṣeun!" Ó fa Ismay mọ́ra, ó gbé ẹnu sétí rẹ̀. "Kí tiẹ̀ lorúkọ arúgbó yẹn gan-an?"

"Ma Zabette."

"Èmi tí mo tọ́ ẹ dàgbà, Ismay!"

"Ma Zabette ni, Tàǹtí."

Ó kọjú sí awakọ̀, ó ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kó fi àga iwájú sílẹ̀ fún Ma Zabette, ó ń lọ sí ọsibítù. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń wúkọ́.

"Tó bá kú, èmi ni màá tì í," ni Ismay wí, ó sì gba ọ̀nà òkè lọ sí ìdí àràbà.