Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré!" Aila Kangas na fóònù rẹ̀ sójú ìyá àgbà rẹ̀. "Mo kà á. Igba dọ́là ó dín mọ́kànlá ló gbà lọ́wọ́ yín fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá!"

Ìyá àgbà Helmi wà nídìí tábìlì. Ó ń palẹ̀ ife tí Bàbá Reino fi mu kọfí mọ́. Ní Pelto, ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota, ilé tí ẹ̀rọ amúlé-gbóná rẹ̀ bá kú nínú oṣù Kìíní, inú fìríìjì sàn jù ú lọ. Tiwọn kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Reino Salmela, ẹni àádọ́rin ọdún tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe nílùú, wa ọkọ̀ rẹ̀ gba inú yìnyín wá. Ó sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, ó yọ irin tín-ín-rín kan tó ń ṣọ́ iná nínú ẹ̀rọ, ó ha ìdọ̀tí ara rẹ̀, ó dá a padà, iná sì ràn.

"Kò pààrọ̀ nǹkan kan," ni Aila tún sọ. "Irin kan ṣoṣo ló ha. Ṣé èmi náà ò lè ha irin ni?"

"Kí ló wá dé tí o ò fi ha á láàárọ̀? Ìwọ tó o wọ súwẹ́tà mẹ́ta, tó o tún ń gbọ̀n bí ewé?"

Aila lejú mọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Owó náà dùn ún, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Owó ìfẹ̀yìntì ni àwọn méjèèjì ń jẹ láti ìgbà tí ìyá Aila ti kú, owó náà kò sì tó nǹkan. Ìbéèrè ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí kò burú rárá, ibi tó gbé e lọ ló burú. Bàbá Reino ṣì wà níta tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, Aila sì lè jáde lọ bi í. Dípò ìyẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Brita ló pè lórí fóònù.

"Gbé e sójú òpó ìlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì!" ni Brita wí. "Fi fọ́tò ọkọ̀ rẹ̀ sí i. Ọmọ, gbogbo ayé á pín in!"

Aila kọ ọ́ pé: "Olè kan wà ní Pelto. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń pè é wá sílé."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ti rẹ́rìn-ín sí i. Àwọn tí Reino ti yọ nínú òtútù ló kọ́kọ́ dé. Ọ̀kan ní, "Ó gba tèmi náà!" Òmíràn ní, "Arúgbó ọlọ́kánjúwà, ta ló fẹ́ fi owó náà sin?" Aila ń kà á, inú rẹ̀ ń dùn, nítorí kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí rí níléèwé.

Ní ọjọ́ Àìkú, Ìyá àgbà Helmi gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dé ilé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Yọ ọ́ kúrò báyìí. Ogójì ọdún ni Reino ti ń tún ẹ̀rọ ilé yìí ṣe. Lọ́jọ́ tí bàbá àgbà rẹ kú, ó wá, kò gba sẹ́ńtì kan."

"Mo ti yọ ọ́, Màmá."

Kò yọ ọ́. Ó kàn ṣe é kí ìyá àgbà má lè rí i ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ ìlú ti fi ọ̀dà pupa kọ OLÈ sára ọkọ̀ Bàbá Reino. Àwọn tó pè é fún iṣẹ́ kọ̀ láti sanwó. Nígbà tó sú u, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sì jókòó sílé.

Ìjì yìnyín dé nínú oṣù Kejì. Lọ́jọ́ kejì ìjì náà, ní òwúrọ̀, ẹ̀rọ tún dákẹ́.

"Pe Reino," ni ìyá àgbà wí.

Aila gbé fóònù, ó wọ yàrá, ó dúró díẹ̀, ó sì jáde. "Kò gbé e." Irọ́ ni. Kò tẹ nọ́ńbà kankan, ojú ló ń tì í.

Ó mú irun-irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, ó sọ̀kalẹ̀ lọ, ó sì ha irin tín-ín-rín náà. Ẹ̀rọ kò gbọ́. Ó tún ha á, irin náà ṣẹ́ sí i lọ́wọ́. Ìgbà náà ló pe iléeṣẹ́ kan ní ìlú ńlá, tó jìnnà tó ọgọ́fà máìlì. Wọ́n ní ó di ọ̀la.

Ní ìrọ̀lẹ́, páìpù omi bẹ́ ní kíṣìnnì, omi ilẹ̀ sì di yìnyín. Ìyá àgbà Helmi dìde láti gbé kọfí kaná. Ó yọ̀, ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wákàtí méjì ló fi ń kérora nílẹ̀ kí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó rọ́nà gbà.

Ọ̀dọ́kùnrin tí iléeṣẹ́ ìlú ńlá náà rán dé lọ́jọ́ kejì. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ẹsẹ̀ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù funfun kan tó yọ lára ògiri, kó tó wá sọ̀kalẹ̀ lọ wo inú ẹ̀rọ.

"Páìpù ẹ̀yìn ilé yẹn lẹ̀rọ yín fi ń mí. Yìnyín dí i ni. Kò sóhun tó ṣe é tẹ́lẹ̀, irin tẹ́ ẹ ṣẹ́ yìí ló wá bà á jẹ́." Ó wo Aila. "Ṣé ẹ ò lẹ́ni tó ń bá yín wò ó nílé ni? Orí fóònù la ti máa ń sọ irú èyí fún oníbàárà wa. A kì í gbowó ẹ̀."

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dọ́là ni ó gbà. Aila kò ka ìṣẹ́jú.

Ìyá àgbà Helmi kò padà sílé mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó, wọ́n sì fẹ́ ta ilé láti fi sanwó ibẹ̀. Nígbà tí Aila lọ wò ó ní Sátidé kan, ó bá Bàbá Reino níbẹ̀, ó jókòó ti ibùsùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni Aila wí, "ẹ foríjì mí. Owó yẹn ló dùn mí."

"Ó yẹ kó dùn ẹ́. Owó mi wọ́n, mo mọ̀. Ká ní o bi mí, ǹ bá ṣàlàyé fún ẹ." Ó yíjú sí Helmi. "Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Ìjì yẹn, mo gbé fóònù sórí itan mi láti àárọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yín máa ń níṣòro nígbà ìjì. Kò dún."

Ìyá àgbà gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Aila," ni ìyá àgbà wí, "ṣé o pè é?"

Aila mi orí pé òun kò pè é. Ìyá arúgbó náà fi ìrora yí ara rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri. "Reino, jọ̀ọ́, bá mi mú un jáde."

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni í bá. Kò sẹ́ni tó ní ká má béèrè ìdí tí owó iṣẹ́ fi pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣiṣẹ́ ló yẹ ká bi. Bí a bá sì ti ṣẹ̀ ẹ́, ká tètè bẹ̀ ẹ́, kí ìtìjú tiwa má baà pa ẹlòmíràn lára.