Ọgbà Ìgbafẹ́ Tí Kì í Ṣí ní Sátidé

"Ẹ rọra, olówó orí mi. Ẹsẹ̀ òsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé."

Títílọlá di ọkọ rẹ̀, Ọláìtán, lápá mú bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Igbein. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu ọkùnrin náà. Dókítà ní kó máa rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ yóò gan. Ilẹ̀ títẹ́jú, ní Abẹ́òkúta olókúta! Ọgbà ìgbafẹ́ káńsù nìkan ló tẹ́jú nítòsí. Èkó sì ni Títílọlá ti ń ṣiṣẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń ráyè.

Wọ́n dé géètì lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Àgádágodo!

"Ẹ má bínú, mà," ni Tàófíìkì, ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà, wí. "Aago mẹ́jọ sí mẹ́rin là ń ṣí, Mọ́ńdè sí Fúráìdè."

"Ìgbà tí gbogbo èèyàn wà níbi iṣẹ́? Ta lẹ wá ṣí i fún, ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ gan-an ló ń gbafẹ́ níbẹ̀, mà."

Ọláìtán fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀. "Títí, jẹ́ ká máa lọ sílé. Mo ti gba kámú."

"Èmi ò gbà!" Omi ti lé sójú rẹ̀.

Ìyá Àfúsá, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ń kọjá lọ. Ó dúró.

"Títílọlá, Tàófíìkì kọ́ ló ṣòfin. Káńsù ò sì lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ ń gan àfi tá a bá sọ. Ká kọ ọ́ sílẹ̀: wákàtí tá a fẹ́, ìjókòó lábẹ́ igi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́. Ká jọ fọwọ́ sí i, ká gbé e fún káńsẹ́lọ̀ wa, ká gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀."

"Tí wọn ò bá dáhùn ńkọ́, mà?"

"A óò tún lọ. Ẹsẹ̀ tèmi ò tíì gan!"

Ọláìtán bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Títílọlá ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Wọ́n kọ̀wé náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì lọ sí káńsù. Lóṣù kejì, géètì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láago mẹ́fà àárọ̀ sí méje alẹ́, tòun ti Sátidé àti Sọ́ńdè. Ìjókòó dé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣì kù. Àwọn ará àdúgbò ṣì ń béèrè rẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí ọgbà ṣí, Ọláìtán rọra yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Lọ dúró lọ́hùn-ún, Títí. Kí n wá bá ọ."

Ó sì wá bá a.

Ẹ̀yin aláṣẹ káńsù, kíkọ́ ọgbà nìkan ò tó. Ẹ bi àwọn tó máa lò ó léèrè ìgbà tí ọwọ́ wọn ń dilẹ̀, kẹ́ ẹ tó ti géètì. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ yéé kùn lójú títì. Ẹ kọ̀wé, ẹ jọ fọwọ́ sí i, ẹ tẹ̀ lé e títí wọn ó fi dáhùn. Aláìsàn kan wà ládùúgbò tiyín náà tó ń retí kí ọgbà ṣí.