Ohùn Gbọ́lá

Inú kùrukùru ọyẹ́ ni Morádéyọ̀ ti yọ sí Gbọ́lá. Ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wà lábíyá, ìrì sì ń dán nínú irun rẹ̀. Gbọ́lá dá ọ̀kadà dúró lójú ọ̀nà Ayétòrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀nà lẹ̀ ń wò ni, àbí èmi?"

"Mi ò rí ọ̀nà mọ́."

Morádéyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gun ọ̀kadà. Gbọ́lá gbé e dé ilé ìwé tó ti ń kọ́ni. Ibẹ̀ ni Gbọ́lá ti gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìlọta ni Gbọ́lá ń tún ṣe. Iṣẹ́ gbé e dé Kétu ní òdìkejì bodè, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìjọba ti bodè. Ẹlẹ́sẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Ọ̀kadà àti irinṣẹ́ kò lè kọjá. Ó dúró ti iṣẹ́ rẹ̀.

Orí Wásáàpù ni ìfẹ́ wọn ti dàgbà. Láti kékeré ni Gbọ́lá kì í ti í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ. "Adé mi, òjò ń rọ̀ ní Kétu. Mo ń gbọ́ ọ lórí páànù." Morádéyọ̀ a kà á, a gbé fóònù lé àyà, gbogbo ilé a pa lọ́lọ́ bí ìgbà téèyàn wà lábẹ́ omi.

Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń kúrú. "Ẹ káàárọ̀" di àwòrán oòrùn. "Mo ń rò ọ́" di ọkàn pupa. Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ya ọkàn pupa síbi tó yẹ kó kọ "mo dúpẹ́" nínú àròkọ. Morádéyọ̀ gbé bírò láti fagi lé e. Ó rántí èyí tí òun fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀.

Nígbà tó yá, Gbọ́lá fi ọ̀kadà sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ gba ọ̀nà Àfọ̀n kọjá bodè wálé. Àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé bàbá Morádéyọ̀. Gbọ́lá yọ fóònù, ó tẹ nǹkan. Fóònù Morádéyọ̀ dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka dá a lóhùn.

Bàbá Ìbítóyè, tíṣà mísọ̀n tó ti fẹ̀yìn tì, wà ní pálọ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ohùn ló fi ń mọ ènìyàn. Ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

"Ta lò ń bá rẹ́rìn-ín?"

"Gbọ́lá ni, Bàbá. Ó fẹ́ fẹ́ mi. Ó kọ ọ́ sórí fóònù pé kí n kà á fún yín." Morádéyọ̀ wọlé, ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sókè. Ó gún régé.

"Ohùn ìwọ ni mo gbọ́. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí ńkọ́?"

Gbọ́lá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kúrọ̀lẹ́, sà" nìkan ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò ní fọmọ fún ẹni tí mi ò gbóhùn rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá lè sọ ọ́, padà wá."

Bí wọ́n ṣe jáde, Gbọ́lá tún yọ fóònù. Morádéyọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wá bá wa bó ẹ̀gẹ́ lọ́la."

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, omi ẹ̀gẹ́ bo ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Kò sẹ́ni tó lè tẹ fóònù. Mọ́nsúrátù tó ni ibẹ̀ wo Gbọ́lá títí.

"Ọkọ tíṣà, ṣé odi ni ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Yéè! Ó lẹ́nu!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbọ́lá náà rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Kétu. Bí ọ̀rọ̀ bá há, ọ̀bẹ a máa lọ, ọ̀rọ̀ a tún dé. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń fà díẹ̀. Morádéyọ̀ gbàgbé ẹ̀gẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Adé mi, ọ̀bẹ á gé ẹ."

Morádéyọ̀ ti ka orúkọ yẹn láìmọye ìgbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ ni.

Bí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu Gbọ́lá ń là. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kan, ó padà lọ dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀.

"Bàbá, Gbọ́lá ni. Mi ò mọ̀rọ̀ sọ. Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi kí n fi ṣaya."

Bàbá na ọwọ́ títí ó fi kan èjìká rẹ̀.

"Ò ń gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi náà gbọ̀n lọ́jọ́ tèmi. Dìde. Lọ mú àwọn ènìyàn rẹ wá." Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Morádéyọ̀, bu omi fún àna mi."