Apẹ̀rẹ̀ Ìdáná Morádéún

Ajégúnlẹ̀ ni Morádéún ń gbé pẹ̀lú Bàbá àti Màmá. Yàrá kan ni wọ́n ní. Ilé ìdáná wà lọ́hùn-ún, lẹ́yìnkùlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá fẹ́ se iṣu. Wọ́n sáré lọ sílé ìdáná. Pá, pà, pá, pà!

"Ìṣáná dà?"

Ìṣáná wà ní yàrá, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá sáré padà. Pá, pà, pá, pà!

"Iyọ̀ dà?"

Iyọ̀ wà lójú fèrèsé. Pá, pà, pá, pà!

"Epo ńkọ́?"

Epo wà lẹ́yìn àpótí aṣọ. Màmá tún sáré.

Iṣu ò tíì jinná tí Bàbá fi gbé kẹ̀kẹ́ ológeere. Àpápá ni Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi.

"Bàbá Morádéún, ẹ dúró kẹ́ ẹ jẹun."

"Iṣẹ́ ò dúró deni," Bàbá ní.

Kirin, kirin! Bàbá lọ.

Ó dun Morádéún. Ṣé ebi ni Bàbá máa fi gbé àpò sìmẹ́ńtì?

"Màmá, màá wá nǹkan ṣe sí i."

"Ìwọ pẹ́ńpẹ́ yìí?"

"Èmi náà ni."

Nírọ̀lẹ́, Morádéún wá apẹ̀rẹ̀ kan. Ó ju ìṣáná sí i. Ó kó iyọ̀, ata àti epo sí i. Ó gbé iṣu lé gbogbo rẹ̀ lórí. Ó parí!

Ilẹ̀ mọ́. Màmá gbé apẹ̀rẹ̀ dé ilé ìdáná.

"Ìṣáná dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀, Màmá."

Nísàlẹ̀ pátápátá! Màmá gbé iṣu sílẹ̀. Wọ́n gbé epo sílẹ̀. Ṣàà! Iyọ̀ fọ́n ká ilẹ̀.

Kirin, kirin! Bàbá tún ti lọ.

Morádéún ò sunkún. Bọ́mọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò.

Nígbà tí Bàbá dé, ó bi wọ́n pé, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ẹrù kan nínú ọkọ̀, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ máa ń kó sílẹ̀?"

"Rárá o. Ẹrù tá a máa kọ́kọ́ gbé jáde, òun la máa ń kó wọlé kẹ́yìn."

Morádéún ronú. Ó ronú, ó ronú.

"Ó ti yé mi."

Ó kó gbogbo nǹkan jáde.

Kí ni Màmá máa lò kẹ́yìn? Epo. Epo lọ sísàlẹ̀.

Kí ló ṣáájú epo? Ata.

Kí ló ṣáájú ata? Iyọ̀.

Kí ló ṣáájú iyọ̀? Iṣu. Màmá fọwọ́ ara wọn ki ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ iṣu.

Kí ló ṣáájú gbogbo wọn? Ìṣáná! Ìṣáná jókòó téńté lókè.

Ilẹ̀ tún mọ́. Màmá nawọ́. Ìṣáná rèé. Ṣáà! Sítóòfù tàn.

Màmá nawọ́. Iṣu rèé. Màmá nawọ́. Iyọ̀ rèé. Ẹsẹ̀ Màmá ò kúrò lójú kan.

Iṣu jinná. Màmá da epo sórí ata, ó ń dín, ṣìì, ṣìì. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bàtà ni.

"Bàbá, ẹ wá jẹun."

Bàbá wo abọ́. Wọ́n wo Màmá. "Ta ló yára báyìí?"

"Ẹ bi ọ̀gá yín tó di ẹrù," Màmá ní. Wọ́n nawọ́ sí Morádéún.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n jókòó ti Morádéún, wọ́n jẹ iṣu, wọ́n sì lá ọwọ́.

"Mo yó," Bàbá ní. "Lónìí, ọkọ̀ ojú omi gan-an, mo lè gbé e."

Morádéún bu iṣu sẹ́nu. Ó dá a lójú pé Bàbá lè gbé e.