Òdòdó Òkú Tí Wọ́n Gbé Wá fún Assuntina

"Màmá, ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé-ìwé!"

"Ilé-ìwé kọ́, ilé ìyà ni! Ṣé o ti ṣe òdòdó iwájú rẹ tán? Olóríburúkú!"

Gesualda fọ́ ọmọ náà létí. Ìkà obìnrin! Òun kọ́ ló bí Assuntina. Donato, bàbá ọmọ náà, fẹ́ Gesualda lẹ́yìn tí ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ kú, nígbà tí wọ́n ti Calabria ní ilẹ̀ Ítálì dé Niu Yọọki. Gesualda ní ọmọ tirẹ̀, Ersilia. Kíláàsì kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì wà, ṣùgbọ́n Assuntina ni tíṣà yàn láti kàwé níwájú gbogbo òbí. Ìlara gbé Gesualda wọ̀! Ó fa ọmọ ọlọ́mọ jáde nílé-ìwé, ó fi í sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó ní kó máa fi aṣọ àti gọ́ọ̀mù ṣe òdòdó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ó parọ́ fún Donato, tó ń gbẹ́ ihò ojú irin lọ́nà jíjìn, pé orí ọmọ náà ló dí tí wọ́n fi lé e. Irọ́ tó rán Ersilia pa fún tíṣà ló wá burú jù.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí Donato wà nílé, tíṣà kan ilẹ̀kùn. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó gbé òdòdó òkú róbótó lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Donato ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Kí ló ń wí?"

"Òdòdó ló ń tà!" Gesualda fò dìde. "Lé e lọ!"

"Pẹ̀lú ẹkún? Ersilia, ìwọ tó mọ̀wé, kí ló wí?"

Ersilia sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Assuntina ló yọ láti ilé ìdáná, gọ́ọ̀mù gbẹ mọ́ ọn níka. Tíṣà figbe ta!

"Bàbá, ó ní ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ó ní Ersilia sọ pé ibà ti pa mí. Ó ní òun ò tíì kọ́ ọmọ tó mọ̀wé bíi tèmi." Ó fọwọ́ kan òdòdó náà. "Èmi ni mo ṣe èyí, Bàbá."

"Gesualda! Ọmọ mi tó wà láàyè lo pè ní òkú?"

"Mo fi Madonna, Ìyá Jésù, búra, mi ò..."

"Má fi ẹnu ìdọ̀tí yẹn pe Madonna!"

Donato gba òdòdó náà, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn ìta. Ó kígbe sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn: "Ẹ bá mi kẹ́dùn o! Ìyàwó mi kú!"

Ọ̀rọ̀ náà ti tàn kárí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà kó tó dalẹ́. Àwọn aládùúgbò gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń kí Donato kú ará fẹ́ra kù. Gesualda ń sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ jókòó o!" Wọ́n wò ó kọjá. Ta ní ń dá òkú lóhùn? Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀!

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Gesualda ló jókòó ti gọ́ọ̀mù àti aṣọ. Assuntina gbé báàgì rẹ̀ kọ́rùn. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ló kí i.

"Màmá, mo ń lọ sí ilé-ìwé o."