Ta Ni Yóò Gbé Ẹṣin Wúrà?

Gbogbo èèyàn tó wà nínú ọgbà sinimá ló dojú kọ fíìmù, àfi ọkùnrin kan. Ó jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lórí rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo àwọn èrò. Iná fíìmù ń yí àwọ̀ padà lójú àwọn èèyàn, ọkùnrin náà sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yan àgbò lọ́jà.

Nopókò ń sunkún nígbà tí ojú wọn pàdé. Ìyá kan ló kú nínú fíìmù náà. Ọkùnrin yìí rí omijé rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò. Bí iná ṣe tàn báyìí, Nopókò lọ bá a.

"Ṣé omijé mi lo sanwó wá wò ni?"

"Òun ni. O sì mọ ẹkún sun. Kò sẹ́ni tó sun ún tó ọ ní gbogbo ìlà yẹn."

"Ojú ò tì ọ́."

"Kò tì mí. Kí ni orúkọ ìdílé yín?"

"Tapsóbà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mọ́sí. Abájọ. Ẹrú mi ni ọ́, ìdí nìyẹn tí ojú mi fi mú ọ láàrin èrò. Èmi ni Pàré."

Pàré, orúkọ Sàmọ́. Ibẹ̀ ni ìbínú Nopókò parí sí, nítorí kò gbọdọ̀ má parí. Láti ayé àwọn baba ńlá ni ẹ̀yà Mọ́sí àti ẹ̀yà Sàmọ́ ti jọ fẹnu kò pé kí wọ́n máa bú ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Rakíìrè ni wọ́n ń pe àwàdà náà. Ẹni tó bá bínú sí rakíà rẹ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n jọ ń bú ara wọn, ti ba ohun tó ju ara rẹ̀ lọ jẹ́.

"Ẹ̀yin Sàmọ́ tí ẹ ń jẹ ajá, tí ẹ ń tìtorí orí rẹ̀ jà," ni Nopókò wí, "ẹ̀yin náà lẹ wá ní ẹrú? Eegun kan péré ni mo máa fi rà ọ́."

"Rà mí, jọ̀ọ́. Mi ò wọ́n."

Ìgbà náà ni Nopókò dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Pàré orí rédíò nìyí. Bí àjọ̀dún fíìmù bá ti dé sí Wagadúgù, tí ó bá ku ọ̀la kí wọ́n fi ẹ̀bùn lélẹ̀, òun ló máa ń sọ fíìmù tí yóò gbé Ẹṣin Wúrà, ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbẹ̀, gbogbo ìlú á sì máa bá a jiyàn títí ẹnu á fi bó.

"Báwo lo ṣe ń mọ̀ ọ́n?" ni Nopókò bi í lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí Pàré ti ń wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì rẹ̀ nínú àgbàlá. Aṣọ ni Nopókò ń hun.

"Ẹsẹ̀ ni mo ń wò. Bí fíìmù bá dára, ẹsẹ̀ èèyàn á dúró jẹ́ẹ́. Ọmọdé á gbàgbé yìnyín tó ń lá. Ẹnu lè parọ́, ẹsẹ̀ kì í parọ́."

"Kí ni ẹsẹ̀ tèmi ń sọ?"

"Ó ní o fẹ́ràn mi."

"Ẹsẹ̀ òfì ló sọ bẹ́ẹ̀. Tèmi ò tíì sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ kan wà tí Pàré fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn kì í. Ó ní, "Nopókò, ìwọ ni òṣùpá tó ń..." Nopókò ní òṣùpá kì í hun aṣọ, kó gbé òwú yẹn fún òun. Láti ọjọ́ náà ló ti fi "ẹrú mi" mọ, tí Nopókò náà ń pè é ní "ajorí-ajá mi". Ó tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Wọ́n ti mọ̀ pé àwọn yóò fẹ́ ara wọn.

Ẹnìkan ló kù: bàbá Nopókò.

Fíìmù ni Baba Tapsóbà ń ṣe. Ó ti ta agbo màlúù bàbá rẹ̀ àti ilé abúlé nítorí fíìmù kan lórí ọba àtijọ́, Nopókò ló sì hun gbogbo aṣọ inú rẹ̀. Lọ́dún yìí, wọ́n mú fíìmù náà wọ inú àwọn tí yóò du Ẹṣin Wúrà. Bàbá náà kò sùn dáadáa mọ́ láti ìgbà yẹn. Bí ó bá ń bu omi mu, àjọ̀dún ló ń sọ.

Nígbà tí Pàré gbé obì wá kí i, ó fi ìka kan ti obì náà padà.

"Obì ò sá lọ. O ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ tó ṣáájú ẹ̀bùn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba."

"Àwọn adájọ́ tó tòkèèrè wá, ìlú yìí ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ń wọ takisí, rédíò sì wà nínú takisí. Ohun tí ìlú bá ń pariwo máa ń wọ etí adájọ́. Sọ ohun tó yẹ, kí o wá gbé obì rẹ padà wá."

"Bí fíìmù bá dára, Baba, màá sọ ọ́."

"Bí ó bá dára?"

Azẹ́tà, ìyá Nopókò, gbé omi kalẹ̀ fún àlejò. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Pàré mu omi náà, ó dìde, ó lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà hàn, kò sí àyè ìjókòó. Nopókò jókòó láàrin bàbá àti ìyá rẹ̀. Pàré wà lórí àpótí rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọba. Ìbẹ̀rẹ̀ dára. Ogun dára. Àwọn èèyàn dákẹ́ rọ́rọ́, bàbá Nopókò sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pinpin.

Lẹ́yìn náà ni ọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti oòrùn, ó sọ ti odò, ó sọ ti àwọn baba rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Nopókò mọ ọ̀rọ̀ náà lórí, nítorí bàbá rẹ̀ ló kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń sọ̀rọ̀ nílé. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wọn bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n máa jẹ. Iná fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri bíi tanátaná. Nopókò ò wo fíìmù mọ́, Pàré ló ń wò. Ojú Pàré sì sọ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Nopókò lọ bá Pàré lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn ilé rédíò.

"Sọ fún mi."

"Ìwọ náà rí i."

"Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

"Kò ní gbà á. Ìdajì àkọ́kọ́ dára ju ohunkóhun tí mo rí lọ́dún yìí. Nígbà tó yá, ọba la ẹnu."

Nopókò wo ilẹ̀. "Sọ pé ó máa gbà á."

"Nopókò."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni. Baba mi ò ní nǹkan mìíràn mọ́. Bí o bá sọ pé rárá, kò ní fi mí fún ọ, mi ò sì lè gba orí bàbá mi kọjá lọ sílé ọkọ."

"Kí n ní ara mi ò yá ńkọ́? Kí n má lọ?"

"Gbogbo ìlú ló máa mọ orúkọ àìsàn náà."

Pàré fi bàtà yí ewé gbígbẹ kan sọ́tùn-ún sósì. "Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

"Ìwọ ni mo fẹ́."

"Ó dáa. Màá sọ ọ́."

Ó yẹ kí inú Nopókò dùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sílé, ó dà bí ẹni gbé òkúta mì.

Ìta gbangba níwájú ilé rédíò ni wọ́n ti ń ṣe ètò náà, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá rọ̀. Àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń mu omi ìṣápá àti ọtí ọkà bàbà. Baba Tapsóbà wà ní iwájú pátápátá, ó wọ agbádá tí ọmọ rẹ̀ hun.

"Pàré, sọ̀rọ̀, adìẹ mi wà nínú tẹ́tẹ́ yìí," ni onítakisí kan wí.

"Adìẹ rẹ ti kú tipẹ́," ni ẹlòmíràn dá a lóhùn.

Pàré gbé makirofóònù. Kò wo apá ibi tí Nopókò wà. Ó ní, "Fíìmù Baba Tapsóbà. Báwo ni kí n ti sọ ọ́? Iyùn ni láàrin òkúta. Odò tí kì í gbẹ ni. Oòrùn tó là lórí ilẹ̀ àwọn baba wa..."

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Ṣé ẹni tó máa ń sọ ti ẹsẹ̀ àti yìnyín náà nìyí? Baba Tapsóbà ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọba inú fíìmù ni Nopókò ń gbọ́ lẹ́nu Pàré, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi í síbẹ̀. Ó ro ọjọ́ iwájú wò. Bí ọkùnrin yìí bá kọ́ èyí tán, ilé ni yóò gbé e wá. Lọ́jọ́ tí òun bá bi í bóyá ọbẹ̀ dùn, á ní odò tí kì í gbẹ ni. Lọ́jọ́ tí òun bá bi í bóyá ó ṣì fẹ́ràn òun, á ní iyùn ni, òun ò sì ní mọ òótọ́ mọ́ láéláé.

Ó dìde.

"Sàmọ́."

Gbogbo èèyàn yíjú sí i.

"Ìwọ ẹrú bàbá mi. Ajá wo lo jẹ lónìí tí ahọ́n rẹ̀ há sí ọ lẹ́nu? Mi ò gbọ́ kí o sọ̀rọ̀ báyìí rí. Sọ ohun tí ojú rẹ rí, ebi ń pa wá."

Ẹ̀rín bú sáyé. Nopókò ò jókòó padà. Pàré ti wá ń wò ó báyìí. Ó mọ ohun tí Nopókò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọnù.

"Rakíà mi bú mi," ni Pàré wí, ohùn tirẹ̀ gan-an sì ti padà, "mi ò gbọdọ̀ bínú. Ó dáa. Fíìmù Baba Tapsóbà ò ní gbé Ẹṣin Wúrà. Ìdajì rẹ̀ gbé wa, ọ̀rọ̀ ọba sì sọ wá kalẹ̀. Fíìmù tí obìnrin ará Níjẹ̀ kan ṣe ló máa gbé e."

Baba Tapsóbà dìde. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká. Kì í ṣe Pàré ló wò, Nopókò ni.

"Mi ò gbọdọ̀ bínú sí Sàmọ́," ló sọ pẹ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe Sàmọ́."

Ó sì lọ.

Nígbà tí wọ́n pe ẹni tó gbé Ẹṣin Wúrà lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe Baba Tapsóbà. Kì í sì í ṣe obìnrin ará Níjẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Túníṣíà ni, tí Pàré ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ìlú fi Pàré ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn onítakisí ní ẹsẹ̀ adìẹ ni kó máa wò.

"Kò mọ ohunkóhun," ni Baba Tapsóbà wí fún ìyàwó rẹ̀, kí Nopókò lè gbọ́. "Ó fi orúkọ mi wọ́lẹ̀ lásán. Kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé mọ́."

Ó jókòó sórí àga nínú àgbàlá, kò kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ti ń jẹun nílé rẹ̀ láti ìgbà tí àjọ̀dún ti ń bọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò yọjú wá kí i. Oúnjẹ tutù níwájú rẹ̀. Kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òwú ń já mọ́ Nopókò lọ́wọ́ lórí òfì.

"Lọ bá a, bí o bá fẹ́," ni Azẹ́tà sọ fún un ní kọ̀rọ̀. "Ẹnikẹ́ni ò ní dì ọ́ mú. Ṣùgbọ́n bí o bá jáde báyìí, o ò ní rí ọ̀nà padà wọlé."

Nopókò ò lọ. Ó ń sunkún, ó ń so òwú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n gbọ́ ẹkún lẹ́nu ọ̀nà. Pàré ló wọlé, àwọn Sàmọ́ bíi mélòó kan sì tẹ̀lé e. Wọ́n gbé ẹní tí wọ́n ká bí ìgbà tí wọ́n bá ká a mọ́ òkú. Pàré wọ agbádá ńlá, ó fi aṣọ kún ikùn, ó gẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé àyà ga. Ẹni tó bá rí i ti rí Baba Tapsóbà. Àwọn ará àdúgbò ti ń rọ́ wọlé.

Ní ilẹ̀ yẹn, bí àgbàlagbà bá kú, rakíà ló máa ń sín òkú jẹ láàrin àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, títí wọn á fi rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lé e. Ó tiẹ̀ lè dùbúlẹ̀ sínú sàréè, kó ní òun ò dìde àfi kí wọ́n fún òun lóhun tí òun bá fẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí i kí wọ́n ṣe é fún fíìmù.

"A wá sìnkú," ni Pàré wí. Kò sọ "ẹ" mọ́. "Ìwọ Mọ́sí ọ̀lẹ, òkú sùn sílé rẹ, o ò ránṣẹ́ pè wá. Ṣé kó rà ni?"

Baba Tapsóbà ò kúrò lórí àga rẹ̀.

Pàré na ọwọ́ sójú ọ̀run. "Èmi ọba, ọmọ ọba, ẹni tí oòrùn ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yọ..." Ó ń bá a lọ. Sàmọ́ kan dùbúlẹ̀, ó ń hanrun. Òmíràn mú fóònù jáde. Òmíràn kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun ká padà wá." Àwọn ará àdúgbò ti ń di ìhà mú. Bàbá rẹ̀ nìkan ni Nopókò ń wò. Ètè bàbá náà ń gbọ̀n, kò sì mọ̀ bóyá ìbínú ni.

"Kì í ṣe bí ọba ṣe sọ ọ́ nìyẹn," ni Baba Tapsóbà wí níkẹyìn. "O fo ibi tó ti sọ ti odò."

"Mi ò gbàgbé. Àánú àwọn èèyàn yìí ló ṣe mí."

Ohun kan jáde lọ́fun bàbá náà bí ikọ́. Ó tún jáde. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, nígbà tó sì yá, omi náà nìkan ló kù. Azẹ́tà lọ dúró tì í.

Pàré bọ́ fìlà. "Òkú méjì ló wà nínú ẹní yìí. Ọ̀kan ni fíìmù, ìkejì ni ẹnu mi. Mo ṣi ẹni tó máa gbà á mọ̀, gbogbo ìlú ló gbọ́. Jẹ́ ká sin wọ́n pọ̀."

"O ṣi ẹni tó gbà á mọ̀," ni Baba Tapsóbà wí. Ó nu ojú. "O ò ṣi ti ọba mọ̀."

Wọ́n gbẹ́ kòtò tí kò jìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí wọ́n tó gbé ẹní sí i, Pàré ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ni Baba Tapsóbà wí.

"Mi ò dìde. Fún mi lóhun tí mo fẹ́."

"Mú adìẹ kan."

"Mi ò jẹ adìẹ."

"Adìẹ àti ọtí."

"Mi ò jẹ, mi ò mu."

Ẹ̀rín rọlẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó fẹ́. Baba Tapsóbà yíjú sí ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ rédíò.

"Ìwọ tí o bú u tó fi sọ̀rọ̀. Ṣé kí n fún un?"

Nopókò ò wá ọ̀rọ̀ kiri.

"Ẹ fún un, Baba."

Bàbá náà wo kòtò, ó wo ẹní, ó mí kanlẹ̀. "Dìde níbẹ̀. Lọ sọ fún àwọn baba rẹ kí wọ́n gbé obì wá. Kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀ gígùn."

Nopókò ló na ọwọ́ fà á sókè. Erùpẹ̀ wà ní gbogbo orí àti irun rẹ̀.

"Mi ò ní iṣẹ́ rédíò mọ́ o," ni Pàré sọ fún un ní ohùn ìsàlẹ̀. "Ìlú ò ní gbọ́ mi mọ́."

"Èmi á máa gbọ́ ọ," ni Nopókò wí. "Wá wẹ ẹsẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀."